Ìjọba ní a lè ṣí, káńsù ní ká ní sùúrù: họ́ọ̀lù àdúgbò ńkọ́?

Ìbéèrè (May 2021, nígbà òfin Kòrónà ní England; àwọn òfin náà ti dópin báyìí)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará London. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ìparí June yìí ni àbúrò mi máa bímọ lágbára Ọlọ́run, họ́ọ̀lù ẹ́síteètì wa la sì fẹ́ lò fún ìsọmọlórúkọ. Mo pe káńsù, obìnrin tó gbé fóònù ní họ́ọ̀lù kò tíì ṣí, kí n padà pè lẹ́yìn 21 June, ọjọ́ tí ìjọba fẹ́ mú ìyókù òfin Kòrónà kúrò. Bẹ́ẹ̀ láti 12 April 2021 ni ìjọba ti ní ilé àdúgbò lè máa ṣí. Jíìmù ti ṣí. Láíbìrì ti ṣí. Àwọn ọlọ́tí ti ń mu tiwọn níta, tó bá di 17 May wọ́n á wọlé mu ún. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé inú họ́ọ̀lù yìí kan náà la ti dìbò ní 6 May! Ó gba ìbò, kò gba ọmọ tuntun? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ pé Yorùbá ló pọ̀ ládùúgbò yìí, tí wọ́n sì ti pinnu pé òde la fẹ́ ṣe?

* * *

À á gbóhùn ìyá, à á gbóhùn ọmọ o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó họ́ọ̀lù ẹ́síteètì kan ní gúúsù ìlà-oòrùn London níbí. Èébú tọ̀tún tòsì ni mò ń jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí: àwọn ará ẹ́síteètì ní a ò fẹ́ ṣí, káńsù ní a ti yá jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń bí gbogbo èèyàn nínú. Ìbò kì í ṣe ohun tí káńsù lè ní òun ò ṣe. May 2020 ló yẹ ká ti dìbò yan olórí ìlú London, Kòrónà ló sún un sí May 2021, ìjọba ò sì fẹ́ tún un sún. Ẹni tó wá dìbò bo imú, ó mú pẹ́ńsù tirẹ̀ dání, ó gba ọ̀nà kan wọlé, ó gba òmíràn jáde, kò jókòó. Ìsọmọlórúkọ ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A máa jókòó fún wákàtí mélòó kan, a máa kọrin, a máa fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, àwo oyin ọ̀hún á tún yí gbogbo ilé ká, wọ́n á máa gbé ọmọ látọwọ́ màmá kan bọ́ sọ́wọ́ màmá kejì. Ohun tí àrùn yìí ń wá kiri gan-an nìyẹn.

Ìkejì, ìjọba ò pàṣẹ pé kí họ́ọ̀lù kankan ṣí ní 12 April. Èèwọ̀ ni wọ́n mú kúrò. Ètò ṣíṣí ìlú padà tí Boris Johnson, olórí ìjọba nígbà yẹn, kà ní 22 February 2021, ọjọ́ tí nǹkan lè ṣí kó tó yá ló wà níbẹ̀, kò sọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣí. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló máa pinnu ìyókù, káńsù ló sì ni kọ́kọ́rọ́.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sábẹ́. Apá kan ní ọ̀lẹ ni, pé ìjókòó ilé ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù lára. Apá kan ní owó ni. Apá kan ní ẹ̀yà ni, bíi ti ẹni tó béèrè. Àwọn díẹ̀ ní kí a fi káńsù sílẹ̀, ẹ̀mí ni wọ́n ń dá sí.

Ti ọ̀lẹ yẹn, mi ò gbà á pátápátá. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láíbìrì àti ti họ́ọ̀lù ni wọ́n kó lọ síbi tí wọ́n ti ń pe àwọn aláìsàn tí ìjọba ní kí wọ́n má jáde, tí wọ́n sì ń di oúnjẹ sí páálí. Ẹlòmíràn ò tíì padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ṣíṣí jẹ́. Nígbà tí tiwa fẹ́ ṣí, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mo rò pé a nílò. Ọkùnrin tí káńsù rán wá kò tilẹ̀ wo àga, ilé ìdáná ló gbà lọ. Ó ní ká ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, tútù àti gbígbóná, títí kan èyí tó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, kó máa dà. Omi tó kọ́kọ́ jáde pupa rẹ́súrẹ́sú. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Legionella, omi tó dúró sójú kan nínú páìpù ló ti ń gbèrú, pàápàá tí ìgbóná omi náà bá wà láàárín 20 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá fa ìkùukùu omi ọ̀hún símú lè kó àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. A ń sá fún àrùn kan, òmíràn ti lúgọ sínú páìpù.

Lẹ́yìn omi ló kan fèrèsé. Mẹ́fà ni. Ẹni tó kun ọ̀dà kẹ́yìn ti kùn ún mọ́ férémù, mẹ́rin ò ṣí. Ọkùnrin tí káńsù rán wá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó na téèpù láti àga dé àga. Họ́ọ̀lù tó ń gba ọgọ́rin èèyàn tẹ́lẹ̀, nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, kò gbà ju ogún ó lé díẹ̀ lọ. Mo bi í pé ta ló máa sanwó fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín.

Níbi ẹ̀rín yẹn lọ̀rọ̀ wà. Kòrónà ti gba owó ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ti jíìmù lọ́wọ́ gbogbo káńsù. Káńsù Croydon tó wà nítòsí wa níbí kéde ní November 2020 pé owó òun ò ní ká ìnáwó ọdún náà mọ́, wọ́n sì dá gbogbo ìnáwó tuntun dúró, àfi èyí tí òfin bá sọ di dandan. Káńsù tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó nǹkan, ohun tí òfin fi dè é lọ́rùn ló máa kọ́kọ́ ṣí, ohun tó ń mówó wọlé á tẹ̀ lé e. Láíbìrì, òfin 1964 ló ní káńsù gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀. Jíìmù ń mówó wọlé. Họ́ọ̀lù àdúgbò kò sí nínú èkíní, kò sí nínú èkejì. Ẹ̀yìn ló máa wà títí ẹnì kan yóò fi pariwo.

Ìyẹn ni mo fi ní kì í ṣe torí Yorùbá. Àwọn màmá àgbà òyìnbó tó ń ṣeré bingo ní họ́ọ̀lù wa ní gbogbo ọjọ́ Tuesday, ilé làwọn náà wà. Wọ́n sì mọ èébú ju tiwa lọ.

* * *

Kí n dá ẹ̀gbọ́n kan lóhùn kíákíá. Ẹ ní káńsẹ́lọ̀ ń jókòó sílé ṣèpàdé lórí fídíò, wọ́n ń ní kí àwa ní sùúrù. Ó ti yí padà o. Òfin tó fàyè gba ìpàdé orí fídíò parí ní 7 May 2021, ilé ẹjọ́ gíga sì ti sọ níparí April pé ojúkojú ni ìpàdé káńsù gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn náà ti ń wá họ́ọ̀lù tó fẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí, kiri báyìí. Mo gbádùn rẹ̀ díẹ̀, mi ò ní purọ́.

* * *

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jiyàn dáadáa ni láíbìrì. Gbogbo yín ń ní ó ti ṣí. Ó ṣí fún ta?

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní July 2020, ìwé téèyàn bá dá padà máa ń wà nínú páálí fún wákàtí 72 kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó. Ìyẹn yé mi, a ò tíì mọ bí àrùn ọ̀hún ṣe ń ràn dáadáa nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n báyìí, èyí tó wà ládùúgbò wa ti ń gba èèyàn jókòó, kìkì pé o gbọ́dọ̀ lọ gba àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ná. Torí pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nílé ni ìdajì àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ṣe ń lọ!

Mo dúró lẹ́yìn bàbá kan níbẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, awò ìkàwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó fẹ́ ò ju kó ka ìwé ìròyìn lọ. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kó fi fóònù ya àmì QR tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wọlé. Bàbá yọ Nokia kékeré kan jáde, irú èyí tí kò mọ̀ ju ká pè ká gbé lọ. Ọmọ náà wo fóònù, ó wo bàbá, ó ní “Sorry, sir.” Bàbá ti ń yí padà lọ nígbà tí mo ní, “Ẹ dúró ná, sà.” Mo bi ọmọ náà pé ìwé àkọsílẹ̀ dà. Ó ní èwo ni ìyẹn.

Òfin ò fìgbà kan sọ pé fóònù di dandan. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ 21, wọ́n á sì pa á rẹ́. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ jáde, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti fa ìwé náà yọ, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá kọ orúkọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò mọ́, ìdí àwọn ìwé ìròyìn ló gbà lọ tààrà.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ẹ máa jà fún họ́ọ̀lù, ẹ máa borí, wọ́n á kéde pé ó ti ṣí. Ẹ wá lọ wò ó bóyá kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ fi kún un pé nọ́ńbà fóònù tí èèyàn máa gbé ni ẹ fẹ́.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà máa di wàhálà: ó ti rọ̀ báyìí. Ọdún tó kọjá ló le. March 2020 ni wọ́n dá ìforúkọsílẹ̀ ìbí dúró, ó di June kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ padà, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí láàárín kan wá tò kalẹ̀. Ọjọ́ 42 lòfin fún òbí, àmọ́ ta lo fẹ́ mú nígbà tí ọ́fíìsì wà ní títì? Ìjọba gbà kí àwọn òbí máa gba owó ọmọ, Child Benefit, láìtíì ní ìwé ẹ̀rí ìbí. Ìwé ìrìnnà ni kò ṣe é gbà láìsí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òfin Kòrónà 2020 gbà ká fi fóònù forúkọ òkú sílẹ̀, kò gbà á fún ọmọ tuntun. Òbí gbọ́dọ̀ yọjú.

Àbúrò wa, ọjọ́ tí ìyá ọmọ bá kúrò nílé ìwòsàn ni kí ẹ ti gba àkókò. Ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín á ti kọjá ọjọ́ kẹjọ, orúkọ á ti délẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Kò kan Kòrónà, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, láti 4 May 2021 orúkọ ìyá ti ń wọ ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó pẹ̀lú ti bàbá. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Ó ní ó mà pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́n o.

* * *

Sí ẹni tó kọ̀wé láti Èkó pé òde ń lọ ní pẹrẹu, pé òyìnbó ló ń kó wa láyà jẹ: ẹ kú ìgbádùn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé nígbà tí Èkó ṣí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí padà ní August 2020, ìdajì ìjókòó ni wọ́n ní kó kún, wọ́n sì ní kí ẹni tó ti lé ní 65 ọdún dúró sílé. Ìjọba tiyín náà bẹ̀rù.

London níbí, a mọ àwọn tó lọ. ONS, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba, sọ ọ́ ní May 2020 pé bí a bá wo ọjọ́ orí nìkan, ewu ikú Kòrónà fún ọkùnrin dúdú ní England àti Wales ju ìlọ́po mẹ́rin ti òyìnbó lọ. Nígbà tí wọ́n ka ipò ìgbé ayé àti ìlera mọ́ ọn, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ẹ wo iṣẹ́ tí à ń ṣe: bọ́ọ̀sì là ń wà, aláìsàn là ń tọ́jú, ẹnu ọ̀nà là ń ṣọ́. Nítorí náà, tí káńsù bá lọ́ra lórí họ́ọ̀lù tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣí, mi ò ní pè é ní ìkórìíra.

Ibi tí mo ti rí ìfojútẹ́ńbẹ́lú ni bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìwé ìkéde pé họ́ọ̀lù kan nítòsí wa wà ní títì, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí? Inú họ́ọ̀lù. Ara pátákó tó kọjú sí ilé ìdáná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀kùn tì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé.

* * *

Ẹ ti gbọ́ tuntun (June 2021): 21 June ti di 19 July nítorí ẹ̀yà Kòrónà tó ń jẹ́ Delta. Ìgbéyàwó ni wọ́n yọ òté ọgbọ̀n èèyàn kúrò lórí rẹ̀ láti 21 June, ìwọ̀n ààyè ibẹ̀ ló máa pinnu. Ti ọmọ ṣì wà ní ọgbọ̀n.

Àbúrò wa tó béèrè, mo ti rí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ sí káńsù. Níbi ìdí tí ẹ fi fẹ́ họ́ọ̀lù, ẹ kọ “baby party”. Háà! Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ra yín. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 17 May 2021 fàyè gba ọgbọ̀n èèyàn fún ètò tó ń sàmì sí ìbí ọmọ tàbí ìgbà tó dàgbà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ òbí ṣe ní kó rí. Ó yọ àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí sọ́tọ̀. Ìsọmọlórúkọ bọ́ sínú rẹ̀ ṣáká, “party” ò sí níbẹ̀. Ẹ kọ òmíràn. Ẹ pè é ní “naming ceremony”, ẹ kọ ẹ̀sìn yín síbẹ̀ àti ẹni tó máa darí ètò. Ọmọdé wà nínú ọgbọ̀n náà, àní ọmọ tuntun fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ìyá olóúnjẹ àti àwọn tó ń bá a gbé àwo.

Ẹ má sì bi wọ́n pé ìgbà wo ni họ́ọ̀lù máa ṣí. “Láìpẹ́” ni wọ́n máa sọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ìwé àyẹ̀wò ewu ti họ́ọ̀lù náà àti iye èèyàn tí wọ́n ní ó gbà. Bí ìwé yẹn bá wà, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa bá wọn fà. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, ẹ fi èsì wọn ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Wàhálà tó kù ni ọjọ́ kẹjọ. Káńsù ń fẹ́ ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yá èèyàn ní họ́ọ̀lù, ọmọ kì í sì í fi ọjọ́ tó máa dé ránṣẹ́ síwájú. Àwọn kan níbí ní kí ẹ gba ọjọ́ méjì sílẹ̀, kí ẹ fagi lé ọ̀kan. Mi ò fara mọ́ ọn, ẹ máa di ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ sì lè pàdánù owó. Bí ó bá jẹ́ tèmi, ilé ni mo máa ti sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, èèyàn mẹ́fà tàbí ilé méjì tí òfin gbà, kí àwọn ará Ìbàdàn àti Houston wà lórí Zoom. Họ́ọ̀lù á wá di August. Bí ìyá yín bá sì ń bọ̀ láti Nàìjíríà wá tọ́jú ọmọ, ọjọ́ mẹ́wàá ló máa fi gbélé kó tó lè jáde, ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n òun ò ní gbà kí ìsọmọlórúkọ wáyé láìsí ìnáwó lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn ju agbára mi lọ.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá DJ lè wá: orin lè wà, kó rẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà máa pariwo mọ́ ẹnì kejì létí. Ijó nínú ilé, ó di 19 July. Jọ́lọ̀ọ̀fù, kí wọ́n gbé e wá bá èèyàn níbi tó jókòó, kò sí pé à ń tò yí kúlà ká. Lílẹ owó mọ́ni níwájú, òfin ò dárúkọ rẹ̀, àmọ́ tí kò bá ti sí ijó, iwájú ta lẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́? Ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá ọmọ.

Kí ẹ tó san owó ìdúró họ́ọ̀lù, ẹ gba ìwé pé wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà bí ìjọba bá tún ti ìlú pa. Àwọn tó ti sanwó ṣáájú March 2020 ní họ́ọ̀lù wa, a dá tiwọn padà. Mo mọ ẹnì kan tó san tirẹ̀ níbòmíràn, wọ́n ṣì ń sọ fún un pé ẹni tó ń bójú tó o wà ní ìsinmi.